Ọmọ Ta Ni Wá ní Òkè Òkun?

"Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún rí. Bàbá ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé, ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ọkọ. Ní àdúgbò wa ní Ìbàfò, ibi tí a ti ń gbọ́ ọ jù lọ báyìí ni ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n bá ti ń di ẹrù sínú mọ́tò tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Láti Ìbàfò dé Mòwé, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ilé tí ẹnì kan kò tíì lọ sí òkè òkun, tàbí tí ẹnì kan kò máa gbèrò àtilọ. "Jápa" ni àwa ọ̀dọ́ ń pè é.

Gbogbo ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń sọ fún pé kó rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, ọmọ ta gan-an ni wá? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2022, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí í ṣe àkọ́bí ilé wa, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Kí owó ọkọ̀ òfurufú àti owó físà tó pé, bàbá mi ta púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí wọ́n pín fún wọn nínú ogún ẹbí ní Ìfọ̀. Bàbá àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, ń gbé ní Ìfọ̀ títí di òní. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Inú wọn kò dùn sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà rárá. Wọ́n ní, "Ẹ rò pé ilẹ̀ lẹ tà. Ọmọ lẹ tà. Ẹni tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn." Bàbá mi kò fèsì, wọ́n kàn dọ̀bálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ti wà ní kíláàsì àṣekágbá, bàbá mi ti ń sọ pé kí èmi náà máa múra sílẹ̀. Bàbá àgbà ní ojú òun kọ́ ni wọn yóò ti ṣe é. Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtàn ló kọ́kọ́ dárúkọ Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ fún wa. Nínú gbogbo àwa tí a kún kíláàsì náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ rò pé olórin fújì ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọmọ ìpínlẹ̀ wa gan-an.

Ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tó ti jáde. Nígbà tí Ṣólańkẹ́ wà lọ́mọdé, àwọn Ẹ̀gbá ní ìjọba tiwọn. Ní ọdún 1893, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn, wọ́n gbà pé Ẹ̀gbá ni yóò máa ṣe àkóso ara rẹ̀. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé ojú irin láti Èkó gba Ìfọ̀ kọjá lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Bàbá àgbà, tí wọ́n fi ojú irin yẹn jẹun, máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kì í ṣe nítorí kí a lè máa lọ kí àna wa ni òyìnbó ṣe gbé irin sílẹ̀. Kòkó àti ekùrọ́ ni wọ́n fẹ́ kó dé etí òkun kíákíá. Nígbà tó di ọdún 1914, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òmìnira Ẹ̀gbá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bu owó orí lé àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi ipá mú wọn ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìsan owó fún wọn. Ní ọdún 1918, àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n hú irin lójú ọ̀nà rélùwéè. Ìjọba kó ọmọ ogun dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló sì bá a lọ. Ogun Àdùbí ni a ń pè é títí di òní.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ogun náà, ní ọdún 1922, Ṣólańkẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lọ sí St Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó sì ti kàwé ní Fourah Bay ní Sierra Leone. Kì í ṣe ìjà ló bá lọ. Ìmọ̀ òfin ló fẹ́ kọ́, kó di lọ́yà, kó sì jẹun níbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá iṣẹ́ lọ.

Ìwọ̀sí ló yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní ọdún 1924, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní London, láti fi gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí yangàn. Láàárín àkókò náà, ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ kọ ọ́ pé ajẹ̀nìyàn àti onídán ni àwọn ènìyàn Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó. Ẹni tó kàwé dé yunifásítì jókòó nínú yàrá tó yá, ó ṣí ìwé ìròyìn, ó sì kà á pé àwọn òbí òun ń jẹ ènìyàn. Ṣólańkẹ́ mú kálàmù, ó kọ lẹ́tà láti tako ọ̀rọ̀ náà ní gbangba.

Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara nínú ìtàn yìí ni pé ìwé ìròyìn náà kò béèrè bóyá ọmọ Ẹ̀gbá ni tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìjà ààlà, ìjà oyè, ẹni tó jẹ gàba lé ta nígbà ogun abẹ́lé, kò sí èyí tó já mọ́ nǹkan kan níwájú ẹni tó kọ ìròyìn yẹn. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pe gbogbo wọn. Nítorí náà, Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé bó bá jẹ́ pé orúkọ kan ni wọ́n máa fi bú wa, ẹgbẹ́ kan la ó fi dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1924 kan náà, òun àti Amy Ashwood Garvey, obìnrin ará Jàmáíkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Ṣólańkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá, wọ́n sì ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright, ọmọ Sierra Leone, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní London, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọmọ Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí wà níbẹ̀, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gambia náà kò gbẹ́yìn. Ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ náà ń tẹ̀ jáde ń jẹ́ Wasu. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú orúkọ yẹn: wàásù. Wàásù gan-an ni wọ́n ń fi ṣe, pé kí àwọn ènìyàn wa jí.

Ìṣòro tó tún kojú wọn ni ilé. Ọ̀pọ̀ onílé ní London kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sí yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìwé kọ béèrè, onílé á ní yàrá wà. Bó bá yọjú tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ẹlòmíràn ti gbà á. Ẹgbẹ́ náà rí i pé àwọn gbọ́dọ̀ ní ilé tiwọn. Láti ọdún 1929 títí di ọdún 1932, Ṣólańkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone, ó ń ṣàlàyé, ó ń gba owó ìdáwó. Àwọn ọba dá sí i, àwọn oníṣòwò dá sí i, àwọn ènìyàn lásán náà dá sí i. Ní ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road, ní London. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, wà lára àwọn tó mú kí ilé náà dúró. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun rí ibi sùn, ó rí oúnjẹ ilé jẹ, ó sì rí àwọn tó lè bá sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Àwọn aláṣẹ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ojú kéré wo ilé yẹn. Ní ọdún 1934, ilé mìíràn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n pè é ní Aggrey House. Àwọn WASU fura, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ àwọn ni, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó yé mi pé ilé lè jẹ́ ohun ìjà. Ẹni tó bá gbà ọ́ sílé lè sọ irú ọ̀rọ̀ tí o kò gbọdọ̀ sọ nínú ilé náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Olùkọ́ wa tún sọ ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh fún wa, àwọn ará Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn ọkùnrin wọn máa ń wé láwàní, tí wọn kì í sì í gé irun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wọn nígbà náà, púpọ̀ nínú wọn sì ti ṣiṣẹ́ ológun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilé kò rọgbọ, wọ́n gba òkè òkun lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pákó àti oko ní Kánádà àti ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ náà, ìwọ̀sí ló pàdé wọn. Ní ọdún 1913, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà mìíràn, Sohan Singh Bhakna tó ń ṣiṣẹ́ pákó ni ààrẹ wọn. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn ní San Francisco tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ghadar, ìyẹn ọ̀tẹ̀. Orúkọ ìwé ìròyìn náà ni gbogbo ayé wá fi mọ ẹgbẹ́ náà.

Ní ọdún 1914, ọdún kan náà tí Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Komagata Maru gbé èrò 376 dé Vancouver ní Kánádà. Sikh ló pọ̀ jù nínú wọn. Òfin Kánádà sọ pé ará Íńdíà tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wọkọ̀ tààrà láti ìlú rẹ̀ láìdúró níbikíbi, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó ń ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti tò fún físà rí yóò mọ irú òfin tí mò ń sọ. Ọba kan náà ló ń ṣàkóso Kánádà àti Íńdíà, síbẹ̀ oṣù méjì ni wọ́n fi wà lórí omi kí wọ́n tó lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n dé tòsí Calcutta, wọ́n bá ọlọ́pàá já, wọ́n sì yìnbọn pa nǹkan bí ogún nínú wọn.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Ghadar kúrò nídìí iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n padà sí Íńdíà láti gbé ohun ìjà dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn amí ti wà láàárín wọn, àṣírí tú. Kartar Singh Sarabha wà lára àwọn tí wọ́n so kọ́ ní ọdún 1915. Nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó dàgbà jù mí lọ pẹ̀lú ọdún méjì péré.

Kíláàsì wa pín sí méjì lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní àwọn Sikh ló gbóyà, nítorí wọ́n fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀. Àwọn kan ní àwọn WASU ló gbọ́n, nítorí wọ́n fi kálàmù jà, wọ́n sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ wa kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èmi wò ó pé kò pọn dandan kí a fi ọ̀kan bú èkejì. Iṣẹ́ àti ìwé ni àwọn méjèèjì bá lọ, ìwọ̀sí ló sì jí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí i pé ẹni tí wọn ìbá má kí nílé ti di ọmọ ìyá wọn lẹ́yìn odi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee tí í ṣe ọ̀kan lára àwọn mínísítà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá àwọn WASU sọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde nígbà náà pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tó wù wọ́n. Attlee ní ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn lágbàáyé. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí olórí ìjọba fúnra rẹ̀, Winston Churchill, fi sọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù tí Jámánì gbà ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn WASU ti gbọ́ ti Attlee ná, wọn kò sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1942, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilé wọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún tí ogun bá parí. Nígbà tó yá, Kwame Nkrumah náà jẹ́ igbákejì ààrẹ WASU kó tó padà lọ gba òmìnira fún Ghana ní ọdún 1957.

Ṣólańkẹ́ kò rí òmìnira Nàìjíríà. London ló kú sí ní ọdún 1958, nígbà tó ku ọdún méjì. Kò padà wá jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn wà tó padà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ilé ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919 títí di ọdún 1922. Frances Abigail ni orúkọ tó bá lọ, Fúnmiláyọ̀ ló sì ń jẹ́ nígbà tó dé. Òun ló wá kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ, àwọn oníṣòwò ọjà àti àwọn ọ̀mọ̀wé, láti tako owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Ẹnì kan lọ kò padà, ẹnì kan lọ ó padà. Kò sí èyí tó sọnù nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè wá lórí WhatsApp. Ní ọjọ́ kan, ohùn wọn kò dùn. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan tí àwọn ń tọ́jú sọ pé òun kò fẹ́ kí ọwọ́ dúdú kan oúnjẹ òun. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fara dà á. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sunkún. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, bàbá mi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Ẹ má sunkún, ẹ̀yin òbí mi. Mi ò dá wà." Wọ́n ní obìnrin ará Ghana kan níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí ojú àwọn, tó mú àwọn lọ sílé rẹ̀ ní Sátidé. Àwọn bíi mẹ́jọ ló máa ń pàdé níbẹ̀, láti Ghana, Zimbabwe, Sierra Leone àti Nàìjíríà. Wọ́n ń dá àjọ. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Sierra Leone ni wọ́n kọ́kọ́ kó o fún, kó lè fi san owó ilé. Àwọn ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀sùn tí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn náà ló tẹ̀ lé wọn lọ fi í lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ orúkọ WASU rí. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ohun tí ẹ ń ṣe yẹn, ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ Abẹ́òkúta kan ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo rí ohun tó mú kí n kọ àròkọ yìí. Wọ́n ṣe ìpàdé àdúgbò ní ojúlé wa, lórí owó tiransifọ́mà. Obìnrin ará Ìgbò kan wà ní òpópónà wa tó ń ta adìyẹ. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tó ti ń gbé níbẹ̀, ó sì ti san owó tirẹ̀ pé. Ó dìde, ó béèrè iye tí wọ́n ti kó jọ àti ibi tí owó náà wà. Àgbà kan dá a lóhùn pé, "Àlejò kì í béèrè owó lọ́wọ́ onílé." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà jókòó. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni òun náà ti wá ra ilẹ̀. Gbogbo wa tí a wà níbẹ̀, àfi àwọn ìdílé díẹ̀, àtọ̀húnrìnwá ni wá. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló gbé wa dé Ìbàfò àti Mòwé.

Mo wo bàbá mi. Wọ́n wolẹ̀. Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, kó má baà dà bí àfojúdi. Mo ní, "Dádì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ìyá yẹn àti èyí tí bàbá òyìnbó sọ sí ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò jọra lójú yín?" Wọn kò dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde, wọ́n ní kí akọ̀wé ka ìṣirò owó náà síta, nítorí obìnrin tó béèrè rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Inú àwọn kan kò dùn sí i títí di òní, wọ́n ní bàbá mi ń fi ẹ̀yìn ìlú han àlejò. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ìṣirò owó náà.

Ní ìsinmi ọdún, mo lọ sí Ìfọ̀, mo sọ gbogbo ìtàn Ṣólańkẹ́ fún bàbá àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Owó tí wọ́n fi ṣí ilé yẹn, ṣé àwọn ará ilé dá sí i?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Láti ìlú dé ìlú ló ti gbà á."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ilé ló rán an nìyẹn. Ẹni tí a rán níṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó lọ. Iṣẹ́ wo lẹ wá rán ẹ̀gbọ́n rẹ?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Owó nìkan la rán wọn. Ìbéèrè ọ̀dọ̀ wa kì í kọjá ìgbà tí wọn yóò fi owó ránṣẹ́, ìgbà tí wọn yóò gba ìwé ìgbélùú, ìgbà tí wọn yóò mú àbúrò wọn lọ. Ọjọ́ ìwọ̀sí yẹn ni a kọ́kọ́ bi wọ́n pé, ta ló wà pẹ̀lú yín níbẹ̀?

Mi ò tíì mọ̀ bóyá èmi yóò lọ tàbí èmi yóò dúró. Ìdánwò ló wà níwájú mi báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mi bó bá di pé mo ń lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rán mi níṣẹ́, kí iṣẹ́ náà sì ju owó lọ. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń sọ fún ọmọ yín pé kó rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe, ẹ bá wa fi kún un pé ọmọ ará Ghana tó bá pàdé níbẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́ orúkọ Ṣólańkẹ́ kí a tó dé kíláàsì àṣekágbá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní òpópónà yín, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní àlejò, tó sì ti san owó tiransifọ́mà tirẹ̀. Ẹ lọ mọ orúkọ rẹ̀.